Ilmo Wà Nínú Ìrù Ẹja Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Saimi,

Ẹ má wá Ilmo kiri. Ó wà lórí àpáta etí adágún.

Bí mo ṣe ń múra bíi mámíwọtà láàárọ̀ yìí kó lè yà mí ní fọ́tò, mo rí fọ́tò yín nínú kámẹ́rà rẹ̀: ẹ wọ ìrù ẹja tí mo rán, ẹ ń fẹnu kò ó lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Olólùfẹ́, ìwọ náà wọ̀ ọ́ wò."

Ó ní, "Háà, màá rẹwà jù ẹ́ lọ o!"

Ó wọ̀ ọ́, ó gbàgbé pé ẹnìkan kì í dá ìrù yẹn bọ́. Mo kó sòkòtò àti fóònù rẹ̀ wálé.

Ẹ gbé ọṣẹ dání, kí ẹ lọ fà á yọ kí ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ tán. Ẹ máa mú òun àti ìrù náà lọ. Mi ò fẹ́ ọ̀kankan mọ́.

Vieno