Ẹ̀bẹ̀ Kí Ẹ Dá Ẹ̀rọ Ìmísí Padà, Nítorí Ata Ni Ó Ṣẹ̀

Ilé 11, Ìrẹ́pọ̀ Close,
Festac Town,
Èkó.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ẹgbẹ́ Àwọn Olùgbé Ìrẹ́pọ̀ Close,
Festac Town,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa Alága,

Ẹ̀DÙN ỌKÀN LÓRÍ Ẹ̀RỌ TÍ Ẹ GBÉ KÚRÒ NÍ ILÉ MI, ÀTI ÌWÉ TÍ MO FỌWỌ́ SÍ

Èmi ni Yíwọlá Akínfẹ́nwá, opó olóògbé Charles Akínfẹ́nwá tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé 11 ni mo ń gbé láti ọdún 1981. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì tún un kọ.

Ọmọ-ọmọ mi, Ìmísí, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ni ó bá mi fi sólà sórí òrùlé lọ́dún tó kọjá. Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, bátìrì á ti kún, oòrùn á sì máa ràn lásán. Ìmísí kò fẹ́ òfò. Ó wá ẹ̀rọ kan tí ń fi iná tó ṣẹ́kù náà wá bítíkọ́ìnì, owó orí ayélujára tí ọwọ́ kì í kàn. Bí ó ṣe ṣàlàyé fún mi, ìṣirò ni ẹ̀rọ náà ń ṣe, òun àti àwọn ẹ̀rọ káàkiri ayé ni wọ́n sì jọ ń du ìdáhùn. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí i ni ó ń gba owó. Èmi náà ń ṣe ìṣirò ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, kò sí ẹni tó fún mi ní kọ́bọ̀ rí. Ẹ̀rọ náà kì í lo iná ìjọba rárá. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ni ó ń dákẹ́.

Ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Ohun tí oòrùn ń fi ọjọ́ mẹ́ta mú gbẹ, ọ̀sán kan péré ni ó ń gbà á. Mo sá ilá síbẹ̀. Ìyáàfin Dorothy gbé aṣọ akọrin ìjọ wa wá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí pàápàá, Ọ̀gbẹ́ni Ernest, tí èmi àti òun jọ pààlà ògiri, ti gbé bàtà rẹ̀ tí àgbàrá wọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ nígbà náà pé ẹ̀rọ léwu.

N kò ní fi ẹ̀jẹ̀ sínú kí n tutọ́ funfun jáde. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, mo tẹ́ ata ṣọ̀ǹbọ̀ síwájú fèrèsé náà, mo sì lọ sùn díẹ̀. N kò mọ̀ pé àwọn àna Ọ̀gbẹ́ni Ernest ti Alákijà wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lórí ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́jọ́ náà. Atẹ́gùn gbé ata kọjá ògiri. Wọ́n ní àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ tí bàbá ọkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí sín, tí gbogbo ilé sì ń da omi lójú. Ẹni tó ń gbàdúrà rò pé Ẹ̀mí ni ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú fún ìdajì wákàtí. Mo ti lọ tọrọ àforíjì. Mo dúpẹ́ pé ìgbéyàwó náà ṣì dúró.

Ní Mọ́ńdè, Ọ̀gbẹ́ni Ernest mú ìwé kan wá. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà bá wa fọwọ́ síbí." Ẹ̀yin Ọ̀gá, láti ìgbà tí mo ti dáyé, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ ìwé. Wọn kì í tilẹ̀ bi mí. Íǹkì ni wọ́n ń gbé síwájú mi. Bírò ni Ọ̀gbẹ́ni Ernest nà sí mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wá awò ojú mi kí orúkọ mi lè gún régé, ṣùgbọ́n n kò fi awò náà ka ìwé. Mo fọwọ́ sí i, mo sì fún un ní omi tútù mu. Ìgbà tí ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé ni mo tó mọ̀ pé mo ti fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìwé wá mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kò sì kà á sí mi létí.

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ata ni ó ṣẹ̀, èmi ni mo sá a. Ẹ̀rọ kò mọ ata yàtọ̀ sí àlùbọ́sà.

Sátidé yìí ni Ìmísí ń bọ̀ wálé. Òun ni ó fi orúkọ mi sílẹ̀ ní kíláàsì. N kò bẹ̀rù ìbínú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń sá fún: "Màmá àgbà, ṣé ẹ kà á?"

Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé ìwé náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ padà sílé kí ó tó di Sátidé. N kò ní sá ata síbẹ̀ mọ́ láé. Bí bàtà Ọ̀gbẹ́ni Ernest bá sì tún tutù, kó máa gbé e bọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi kà á dé òpin.

Èmi ni tiyín, tí mo ka lẹ́tà yìí látòkè délẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i,

Yíwọlá Akínfẹ́nwá (Ìyáàfin),
Akẹ́kọ̀ọ́, Kíláàsì Ẹ̀kọ́ Àgbà, Ìpele Kejì.