Gbèsè Orí Ẹja

Olóòtú ètò orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, n kò sì tọrọ ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà bá mi kà á. Ẹ má dárúkọ mi.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń jẹun ọ̀sán ní ilé oúnjẹ obìnrin kan tó ń jẹ́ Choleng, létí èbúté ìlú Iloilo. Èmi ló ń ya orí ẹja inú ọbẹ̀ kíkan sọ́tọ̀ fún. Lọ́jọ́ kan, ó gbé tèmi fún aboyún kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, mo jẹ yín ní orí ẹja kan."

Nígbà tó fẹ́ san án, mo ní, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ mí ní gbèsè kò lè lé mi."

Lóṣù tó kọjá, ó ti ilé oúnjẹ náà pa, ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Bacolod, ní òdìkejì omi. Láti ìgbà náà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ara mi kì í balẹ̀. Màá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, màá tún padà. Ọmọ mi ní, "Ìyá, ẹ jẹun nílé." Mo ní ṣé òun ló jẹ mí ní gbèsè ni?

Choleng, mo mọ̀ pé ò ń gbọ́ rédíò yìí. N kò gba owó, má sì rán ẹnikẹ́ni. Wọ ọkọ̀ ojú omi, kí o wá fi ọwọ́ ara rẹ sè é. San gbèsè mi.