Ihò Méjì Lókè Oko

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi gba lẹ́tà,

Mo ti parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín, torí mo mọ̀ yín. Bí mo bá ń kí yín ní àkígùn, ẹ ó kàn máa wo ẹnu mi ni, ẹ ó máa retí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èsì ìdánwò dé lánàá. Mo ti gba digírì. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òde-Ayé, tí kò fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, tó jẹ́ pé inú àpòòwé ni yunifásítì ẹ̀ wà, tó jẹ́ pé àsìkò ọlidé gígùn nìkan ló ń fojú kan àwọn olùkọ́ ẹ̀ l'Ékòó, ó ti jáde o! Àwọn tó ń pè mí ní akẹ́kọ̀ọ́ inú àpò, kí wọ́n wá wò mí.

Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ kàwé náà ti dé. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ní Àkúrẹ́ ti pè mí tẹ́lẹ̀, èsì yìí nìkan ni wọ́n ń retí, oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Omi odò ni wọ́n ní kí n máa lọ yẹ̀ wò káàkiri. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ odò náà ni. Ó ti wà láàárín èmi pẹ̀lú yín láti ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹ sì lọ kí a tó yanjú ẹ̀. Mi ò fẹ́ gbé e dé Àkúrẹ́.

Èmi fúnra mi ni mo lọ gba èsì náà ní pósíọ́fíìsì Òkìtìpupa. Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé wo ojú mi, ó tún wo ẹ̀yìn mi, ó béèrè pé bàbá oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn kí ẹ tó lọ, ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Mo ní ẹ ti lọ sinmi. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àgbà kì í gun kẹ̀kẹ́ títí. Mi ò ní agbára àtitún un sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo jáde síta.

Àpòòwé ọ̀hún mọ́ tónítóní, Bàbá. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí àwọn ọlọ́kadà ń wò mí. Láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí ẹ bá ti gbé gálọ́ọ̀nù epo yín dé ọjà tán, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ lọ béèrè ìwé mi. Ẹ ò mọ̀wé kà, àmọ́ kò sí bí àpòòwé ṣe lè pọ̀ tó kí ẹ má mọ tèmi, nítorí òǹtẹ̀ pupa igun ẹ̀. Ẹ ó fi láílọ́ọ̀nù wé e, ẹ ó kì í bọ àyà aṣọ. Síbẹ̀ náà, kò sí ọ̀kan tó dé ọwọ́ mi láìní àmì àtàǹpàkò yín lára, epo pupa rẹ́súrẹ́sú.

Mo ti jágbe mọ́ yín lórí ẹ̀ rí. Ẹ rántí? Epo ta sí iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n máàkì padà fún mi, mo sì béèrè pé ṣé ẹ ò lè fọwọ́ ni. Ẹnu mi yìí! Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń mú ọṣẹ dání lọ sí Òkìtìpupa, tí ẹ ń lọ fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi kí ẹ tó débi fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni pósíọ́fíìsì ló sọ fún mi nígbà náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò sọ. Epo náà kò sì kúrò, torí ó ti wọ ara yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi ọjọ́ Àìkú yẹn. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹ púpurù tán, ẹ máa ń gbé àpótí yín sábẹ́ igi ọsàn, ẹ ó ní kí Tíṣà wá ka ìwé tí ẹ gbé wá, kó sì túmọ̀ ẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá ru ọbẹ̀ wálé, ó yẹ kó tọ́ ọ wò. Mo gbádùn ẹ̀ ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ. Ohun tí mi ò bá lè túmọ̀ fún yín, mo mọ̀ pé kò tíì yé èmi náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ nípa odò ló kàn. Ìwé sọ pé omi ìdọ̀tí tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa ṣàn wọ odò máa ń bo ojú omi, ẹja ò ní rí èémí mí, wọ́n á kú. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ẹkù, ìyẹn ihò tí wọ́n ti ń tẹ epo, kí omi ìdọ̀tí náà máa wọ ibẹ̀, kí ilẹ̀ máa fà á mu díẹ̀díẹ̀. Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀. Ó yẹ kí n panu mọ́ níbẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́? Mo gbójú sókè, mo ní ẹkù tiwa gan-an ni wọ́n ń bá wí, pé ẹ̀yin lẹ pa ẹja Ìyá Onígèrè run, arúgbó ará Àrògbò tó ń dẹ ìgèrè nísàlẹ̀ odò, tó máa ń fi ẹja àrọ̀ gba epo lọ́wọ́ yín. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, níṣojú Ìyá àti Tádé àbúrò mi, bí ìgbà tí mò ń bá ọmọ kíláàsì mi wí.

Ẹ dìde, ẹ gbọn ìdí ṣòkòtò, ẹ wọlé.

Láti ọjọ́ kejì lẹ ti ń jí lọ sóko kí àkùkọ tó kọ, tẹ̀yin ti ọkọ́ yín. Bí mo bá kí yín, ẹ ó jẹ́ ẹ, ó parí. Àpótí ò jáde sábẹ́ igi ọsàn mọ́. Èmi náà sì lágídí, ẹ mọ ẹni tí mo jọ. Mo ní ìgbà tí inú bá rọ̀ yín ẹ ó pè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Ibà dá yín dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹ ti lọ. Àwọn tó wẹ̀ yín sọ pé àtẹ́lẹwọ́ yín bó, pé amọ̀ pupa wà lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ yín. Ìyá ní ọwọ́ àgbẹ̀ tó ti le bí èèpo igi, kí ló tún lè bó o? Ilẹ̀ dúdú sì ni ìsàlẹ̀ oko wa. Ẹkún ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò ó jìnnà.

Ọdún méjì ni mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa yín. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Ìyá wá sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ẹkù wà tẹ́lẹ̀, pé àwọn obìnrin ló ń pọn omi láti odò wá, omi tí wọ́n máa fi tẹ ẹyìn nínú ihò náà títí epo á fi léfòó. Ìyá lóyún mi nígbà náà. Wọ́n ru omi bọ̀, wọ́n yọ̀ ṣubú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, díẹ̀ ló kù kí n má wáyé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an lẹ dí ẹkù ẹ̀yìnkùlé pa, tí ẹ lọ gbẹ́ òmíràn sí bèbè odò, kí aboyún kankan má baà ru omi gun òkè mọ́. Àṣé torí tèmi ni ẹ ṣe gbé e lọ síbẹ̀! Èmi náà ni mo tún wá di agbẹjọ́rò ẹja.

Nígbà tó kan iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fi ń gba digírì, odò wa ni mo kọ ìwé lé lórí. Mo bomi sínú ìgò lókè ẹkù, mo bù ú nísàlẹ̀ ẹkù, mo ka iye akàn tó wà níbẹ̀, mo jókòó ti Ìyá Onígèrè, wọ́n sì ka orúkọ ẹja tó ti pòórá fún mi títí ojú fi tì mí. Àmọ́ nínú ìwé náà, mo kọ ọ́ pé ẹkù kan wà níbẹ̀. Ẹkù kan. Bí ẹni pé ó já bọ́ láti ọ̀run. Olùkọ́ mi l'Ékòó fi yíǹkì pupa kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ẹkù ta ni, wọ́n sì dá a padà fún mi. Mo mú bírò, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ gbálẹ̀, mo padà wá. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé ẹkù bàbá mi ni, pé iṣẹ́ ibẹ̀ ló rán mi lọ sílé ìwé, pé ìdọ̀tí ibẹ̀ ló sì pa odò yìí. Mo fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Tádé ló ń darí ẹkù báyìí. Mo ka ìwé náà sí i létí, torí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Háà! Inú ẹ̀ ru. Ó ní ṣé òkú Bàbá ni mo wá ń fi han àwọn ará Èkó. Ó ní Àǹtí, oúnjẹ tí ẹ jẹ yó lẹ ń tutọ́ sí yìí. Láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ títí tó fi dá, kò wọ ilé mi. Ọmọ ẹ̀ kékeré ló parí ìjà wa. Ó lọ wẹ̀ nísàlẹ̀ odò, gbogbo ara ẹ̀ sú, kò lè sùn. Ní Sátidé kan, mo kàn rí Tádé lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àdá. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wọ bàtà, ká lọ wá ibi tí a lè gbé ẹkù sí lókè oko.

Òkè oko tí a ò dé láti ìgbà tí a ti sin yín. Igbó ti bo ọ̀nà. Tádé ń ṣán, mò ń tẹ̀ lé e, àfi bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe jìn wọ ihò, tó ké. A ro ibẹ̀ mọ́. Ihò ńlá kan, ó mù mí dé ìbàdí. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ wọn ohun gbogbo, títí kan tábìlì ìwé mi: ẹsẹ̀ méje lóròó, ẹsẹ̀ márùn-ún níbùú. Ìwọ̀n ẹkù wa gẹ́lẹ́. Dírọ́ọ̀mù méjì tí a wá títí nílé, tí Tádé fi ń wo aládùúgbò wa bí olè, wọ́n wà níbẹ̀, ẹ ti gbé wọn sórí òkúta kí wọ́n máa gba omi òjò. Kò ní sí aboyún tó máa ru omi. Nísàlẹ̀ díẹ̀, ihò kékeré kan tún wà, ẹ sì ti la ojú àgbàrá tóóró láti inú ti ńlá wọ inú ẹ̀. Amọ̀ pupa ni gbogbo ẹ̀.

Tádé bi mí pé kí ni kékeré yẹn wà fún. Mo jókòó sórí amọ̀ tí ẹ kó jáde, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo mọ ohun tó wà fún, Bàbá. Èmi ni mo kà á sí yín létí. Mo rò pé ẹ bínú sí mi ni, tí ẹ fi ń jí lọ láì bá mi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ lọ ń ṣe.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ṣé ẹ fẹ́ kó parí ná, kí ẹ tó mú mi lọ wò ó? Àbí ojú ló tì yín? Ṣé gbígbẹ́ ihò yẹn ló fa ibà ọ̀hún? Mi ò rẹ́ni bi, mi ò sì mọ̀ bóyá mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Tádé ti parí ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì, ó fi dírọ́ọ̀mù kan kún un. Àwọn obìnrin tẹ ẹyìn níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń ráhùn pé ó jìnnà, wọ́n sì tún ń tẹ̀ ẹ́. A ti dí ti bèbè odò. Ìyá Onígèrè tún ti dẹ ìgèrè wọn. Kò tíì mú nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, ẹja kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń kọ lẹ́tà pè. Ìyá ń kí yín. Ara ọmọ Tádé ti ń dán.

Tádé bu epo àkọ́kọ́ láti ẹkù òkè wá fún mi nínú ìgò. Láàárọ̀ yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo gbé àpòòwé funfun yẹn sórí tábìlì, mo ki àtàǹpàkò mi bọ inú epo náà, mo tẹ̀ ẹ́ sí igun ẹ̀, níbi tí ẹ máa ń dì í mú. Mo wò ó títí. Ó wá jọ èyí tí ẹ bá mi gbà wá.

Ẹ sùn ire, Bàbá mi. Ẹ má fọwọ́ mọ́.

Èmi ni,
Tíṣà yín, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.