Òkúta Tí Ìlà Kan Ṣófo Lórí Rẹ̀

Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dìbò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: mọ́kànlélógójì ní kí Ẹ̀ka Ìwé Kíkọ àti Ọgbọ́n Ọ̀rọ̀ dá dúró ní yunifásítì wa, ogójì ní rárá. Nítorí náà èmi, Winifred Estelle Kradel, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ará Dunmore Falls ní Ohio, ń tún ìhágún mi kọ. Orí mi pé. Dókítà kọ lẹ́tà láti jẹ́rìí sí i. Mo tún àwọn gbólóhùn inú lẹ́tà náà tò kí n tó fi pamọ́.

1. Ilé mi di ti Odette, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò mú ìhágún yìí ṣẹ. Odette, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí lọ́jọ́ òjò. Fi èjìká tì í.

2. Ológbò mi di ti Lamar Pettis ní ilé kejì, tó ti ń bọ́ ọ ní bòókẹ́lẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tó rò pé n kò mọ̀.

3. Tábìlì mẹ́rin tí mo rà fún yàrá ìrànwọ́ ìwé kíkọ, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, di ti ẹ̀ka tuntun. Kí wọ́n gbé wọn lọ síbi tí fèrèsé wà.

4. Àkọsílẹ̀ olójú-ewé méje tí mo fi gègé aláwọ̀ ewé tún ṣe di ti ẹ̀ka náà pẹ̀lú. Ní 1998, nígbà tí a kọ́kọ́ béèrè fún ẹ̀ka yìí, Thurlow Beck, ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀, ọ̀tá mi, gbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi tako wa níwájú ìgbìmọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ó ní, “Winnie, ó burú, mi ò sì mọ ibi tó ti burú. Jọ̀ọ́, má lé mi o.” Àwa kì í lé ẹni tó mú ìwé wá, a kì í sì í bi í bóyá a fara mọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Mo ní, “Jókòó, jàre. Ìparí ọ̀rọ̀ rẹ ló yẹ kó ṣíwájú.” Wákàtí méjì la fi ṣe é. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó dìde, ó ní ìwé kíkọ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ènìyàn. Ìbò mọ́kànlá la fi pàdánù. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Thurlow, tó ti kọ̀ láti fẹ̀yìn tì, fi ojú-ewé méje náà han ìgbìmọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì aláwọ̀ ewé tó wà lára wọn, ó jẹ́wọ́ ẹni tó tún wọn ṣe, ó dìbò fún wa, ó sì kó wọn fún mi lẹ́yìn náà. Ìbò kan la fi borí.

5. Thurlow kò jogún ohunkóhun. Ẹlẹ́rìí ni, ẹlẹ́rìí kì í sì í jogún. Ìdí tí mo fi pè é nìyẹn. Ó ní, “Winnie, kódà gègé yẹn?” Mo ní kó fi fọwọ́ sí i, kó sì dá a padà.

6. “Olùkọ́ ìrànwọ́” ni wọ́n fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pè mí. Ìbò yìí fún àwa tí a ti fẹ̀yìn tì náà ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n, bí àjọ ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Kí wọ́n gbẹ́ orúkọ mi sórí òkúta ibojì mi, kí wọ́n sì fi ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún oyè náà. Bí àjọ bá kọ̀, kí ìlà náà ṣófo. N kò fẹ́ irọ́ lórí mi.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2019:
Winifred Estelle Kradel

Àwọn ẹlẹ́rìí: Thurlow Beck, Ramona Szabo, aládùúgbò.

Afìwéránṣẹ́ ti kọjá nígbà tí a fọwọ́ sí i. Lẹ́tà àjọ kò sí nínú ohun tó mú wá.