Ìwé Tí Mò Ń Kà fún Adájọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Alápò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé wa — èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gé bébà. Àpò kì í kúrò lẹ́yìn ẹ̀, àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó yọ ìwé kan nínú àpò náà, ó ní máńgà ni, ìwé ìtàn aláwòrán tí àwọn ará Jàpáàn ń ṣe, kí n kà á wò. Mo kà á. Ojú ìwé àkọ́kọ́, akọni ti kú. Mo ní irú ìtàn wo nìyí, wọ́n sin òkú tán kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ? Alápò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àṣé ibi tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn ìwé ni iwájú tiwọn. Mo ti ka òpin kí n tó ka ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Mo ti ka ìdìpọ̀ mẹ́ta nínú ìtàn Ẹlẹ́sẹ̀-Kan. Méje ni gbogbo ẹ̀. (Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ gidi gùn jù.) Jagunjagun tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tó ń wá ẹni tó gé e kiri. Èrò mi: àwòrán dáa — ìka ọwọ́ lásán, o máa mọ̀ pé inú ń bí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn! Ó gbé idà lé ọ̀tá lọ́rùn tán, ó tún ń ròyìn ìgbà èwe ẹ̀ fún un. Ojú ìwé mẹ́rìnlá! Gé e, kó o máa lọ sílé.

Máńgà ti alásè kan tí Alápò fẹ́ràn, mi ò lè kà á. Gbogbo ẹni tó bá ti tọ́ ọbẹ̀ wò ló ń sunkún. Ṣé ata ni?

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè. Adájọ́ ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi.

Adájọ́ ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, torí kò sí ohun tí kì í dá lẹ́jọ́. Ojú òsì ẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀tún, wọ́n dì í pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò lè dá wà. Mo ní kí ló dé tí kì í ṣe ilé tiẹ̀? Ó ní, "Èmi níyàwó, mo lọ́mọ. Ìwọ nìkan ni àyè wà nílé ẹ." Àyè! Bíi pé yàrá ẹrù ni mí.

Kí n kọ ọ́ síbí kí n má baà rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mò ń gbé. Mo ní ìwé ìkọ̀wé méjì tí mo yàwòrán kún dẹ́nu. Ó fà wọ́n ya, ó fi wọ́n dáná omi ìwẹ̀, ó sì fi omi náà wẹ̀ mí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ń fi kànrìnkàn ha ẹ̀yìn mi. Mi ò yàwòrán mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún méjìlélógún. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é. Lójú ẹ̀, "ẹ" ni. Ìgbẹ̀san àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Ó ti dé. Bándéèjì lójú, ọ̀pá lọ́wọ́. Kò tíì jókòó dáadáa tó ti ní àga mi ń dún, omi mi ń rùn bí irin, ẹsẹ̀ mi wúwo nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Mò ń kàwé ní pálọ̀, mo rẹ́rìn-ín. "Kí lò ń rín?" Mo ní máńgà ni. "Máńgòrò ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Mo ṣàlàyé pé ìwé ni, àwòrán ló kún inú ẹ̀. Mo rò pé á fi ọ̀pá nalẹ̀. Ó kàn ní, "Ilé yìí dákẹ́ jù. Kà á sókè."

Báwo lèèyàn ṣe ń ka àwòrán sókè? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹ̀. Ọkùnrin kan rèé, ẹsẹ̀ kan, ó dúró nínú yìnyín. Ẹyẹ kan wà lórí igi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ojú ìwé tó kàn, ẹyẹ ti lọ. Adájọ́ ní, "Nǹkan ló lé e." Òótọ́ ni — ọ̀tá ló ń bọ̀ lẹ́yìn igi.

Ó yà mí lẹ́nu. Inú sì bí mi pé ó yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Mo ti rí ọ̀nà. Ibi tó bá ti dùn ni màá pa ìwé dé. Lónìí, idà ti wà lókè, mo ní ó ti rẹ̀ mí. "Ṣé ó gé e àbí kò gé e?" Mo ní, "Ó dọ̀la, Màmá Àgbà, ẹ sinmi." Ó ti oúnjẹ sẹ́yìn. Mo jẹ tèmi, mo jẹ tiẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Ta ló ní ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni mo gbọ́dọ̀ kà? Ẹni tí wọ́n di lójú kì í yẹ ìwé wò.

Mo fi obìnrin kan sí i. Ìyá Eléyín-Kan. Eyín iwájú ẹ̀ yọ síta bí èèkàn tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ìkà ni. Nǹkan oníǹkan ló máa ń dáná sun. (Adájọ́ ní irú eyín bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ti yọ ọ́ tipẹ́.) Mo jẹ́ kó já sínú kòtò ìgbẹ́. Mò ń retí kí ojú ẹ̀ yí padà. Adájọ́ rẹ́rìn-ín! Ó rín débi tó fi di bándéèjì ojú ẹ̀ mú. "Obìnrin yẹn mà burú o. Ṣé ó máa wá lọ́la?"

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Ó wá. Oyin ta á lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo parí òmíràn níbi iṣẹ́, lásìkò ìsinmi. Ọmọbìnrin tí wọ́n pa ìdílé ẹ̀ run. Ìdìpọ̀ mẹ́fà. Ó wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí dé ìdìpọ̀ karùn-ún, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kà — kì í ròyìn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Lópin, ó pa ẹni ìkẹyìn, ó jókòó ní ibùdókọ̀. Ọkọ̀ dé. Kò wọ̀ ọ́. Ó tán. Ó kù díẹ̀ kí n ki ìwé náà bọ ẹnu ẹ̀rọ. Mo bi Alápò: ayọ̀ ẹ̀ dà? Ó ní bóyá kò sí. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ ò mọ bí nǹkan ṣe ń dun èèyàn. Ó wò mí. "Ta ló ṣe ẹ́?" Mo ní kó lọ tẹ káàdì ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Mo sun Ìyá Eléyín-Kan mọ́lé lónìí. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó tó," ó kọjú sí ògiri.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo fọ abọ́. Mo tún un fọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Wọ́n ṣí ojú ẹ̀. Dókítà ní ó dáa. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀: "O ti sanra."

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Mo ti ibi iṣẹ́ dé. Adájọ́ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́wọ́, gbogbo ìdìpọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-Kan wà níwájú ẹ̀.

"Mo ti yẹ méjèèje wò. Obìnrin yẹn ò sí níbẹ̀."

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ẹ̀yin ni. Ẹ fi ìwé mi dáná. Ẹ fi omi ẹ̀ wẹ̀ mí."

"Ọjọ́ tó o dárúkọ eyín ni mo ti mọ̀. Ta ni kì í dá ara ẹ̀ mọ̀? Ibi tó o máa bá a dé ni mo fẹ́ mọ̀."

Ó wá bi mí, ṣé mo rántí ohun tó wà nínú ìwé méjèèjì. Mo ní ẹyẹ, ọkọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó ní, "Àti èmi. Eyín gùn dé àyà. Okùn ewúrẹ́ lọ́rùn."

Ọkùnrin kan ń wá òun nígbà náà, ó ní. Télọ̀. Ẹni ogójì ọdún ni òun, ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ fẹ́ òun nìyẹn. Ọkùnrin náà jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní èmi ni mo gbé ìwé àwòrán náà fún un, mo ṣí i síbi tí mo ti ya òun. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kò padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni òun lọ yọ eyín náà.

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ni mo bá rántí bàtà ọkùnrin náà — ó ń dán — àti bí inú mi ṣe dùn tó pé àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, bàtà yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí.

Mo ní, "Ọmọdé ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kì í ṣe ọmọdé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mo dá iná yẹn. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́."

Mo ní èmi náà ò ní bẹ̀ yín. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí n bẹ òun.

A jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án. Ẹrù ẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa àga síbi fèrèsé, ó jókòó, ó ní kí n mú bébà wá — "Ibi tí wọ́n ti ń gé e lo ti ń ṣiṣẹ́, má sọ fún mi pé kò sí." Kí n ya òun. Bí òun ṣe rí, kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ kí òun rí.

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n yà mọ́. Ó ní ká wò ó.

Mo ní kí wọ́n yíjú síta, síbi ìmọ́lẹ̀. Ó kọ̀. "Ọwọ́ ẹ ni mo fẹ́ máa wò." Ojú kan ṣoṣo, ó pọ́n, omi ń yọ nínú ẹ̀, kò ṣẹ́jú.

Mo gbẹ́ pẹ́ńsù títí ó fi mú ṣóńṣó. Ṣóńṣó náà kán, mo tún un gbẹ́. Bóyá ìbínú ni, mi ò mọ̀.

Ẹnu ẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.