Ohun Tí Iná Mọ́tò Mi Sọ fún Josephine

                                        Farwell Avenue,
                                        Rogers Park,
                                        Chicago, Illinois.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá, 1986.

Sàláhúdéènì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àfẹ́kù. Báwo ni Màmá? Ṣé wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀? Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ? Mo mọ̀ pé kò sí àlàáfíà nílé yín, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí à ń gbà bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Tinúkẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ẹkún ni ó ń sun bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí mo bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní obìnrin kan ló ṣàdédé yà sí iwájú wa tí Mùsílíù àbúrò rẹ fi kú. Mi ò purọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí mo ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mò ń jẹ, mò ń sùn, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ Thursday ni. Mò ń gbé Mùsílíù lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní West Ridge. Aago mẹ́rin ààbọ̀ péré ni, ṣùgbọ́n nígbà òtútù níbí, ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn. O rántí bí Bàbá yín ṣe kọ́ èmi àti ìwọ ní mọ́tò: bí a bá tan iná ńlá kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, wọn á bi wá bóyá a fẹ́ pa bátìrì àwọn ni. Páákìn láìtì, iná kékeré yẹn, nìkan ni mo tàn. Mùsílíù wo àwọn mọ́tò tó ń bọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tan headlight yín jàre. Everybody's lights are on." Mo bi í bóyá òun ló máa ra bátìrì tuntun fún mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ahun ni mí, pé bí mo bá dé àlùjáńnà, èmi ni màá máa pa iná kiri. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ní Devon Avenue, mọ́tò kan dojú kọ wá. Ó dúró láàárín títì, ó fẹ́ yà sí òsì rẹ̀, kó gba iwájú wa kọjá. Mo ṣe ohun tí èmi àti ìwọ máa ń ṣe lọ́nà Ìbàdàn: mo tan iná ńlá sí i lẹ́ẹ̀mejì, pé kó dúró, mò ń bọ̀. Ó sì yà. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo já ọwọ́ sí ọ̀tún, mọ́tò rẹ̀ gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì lọ kọ lu òpó iná, ẹ̀gbẹ́ tí Mùsílíù jókòó sí gan-an. Mo pè é títí. Lára èmi, ìka kan ṣoṣo ló bó.

Obìnrin náà, Josephine lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà olùkọ́ ni. Apá rẹ̀ kán. Ní ọsibítù ó ń ké pé èmi ni mo tan iná fún òun, pé èmi ni mo ní kí òun máa lọ. Ọlọ́pàá bi mí bóyá mo ní kó kọjá. Mo ní rárá. Mo bínú sí i débi pé mo ṣépè fún un nínú ọkàn mi.

Ọjọ́ kẹrin tí a sin Mùsílíù, mò ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún Gabriel, ọmọ ibí tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe dé ibi iná, ó dá mi dúró. Ó ní, "Wait. You flashed her? Man, over here that means go ahead." Àṣé níbí, "máa kọjá" ni ìtumọ̀ rẹ̀, kì í ṣe "dúró". Ó bi mí iná wo ló wà lára mọ́tò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní páákìn láìtì lásán, ẹni iwájú lè rò pé ọkọ̀ tó dúró ni. Mo bi ẹni mẹ́ta mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Sàláhú, ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wakọ̀ ní ìlú yìí, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà inú mọ́tò yẹn. Ọmọ sọ òótọ́ fún mi, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò ní di ẹ̀bi ru Bàbá. Lójú ọ̀nà tiwa, ohun tí wọ́n kọ́ wa tọ́. Èmi ni mi ò béèrè nígbà tí mo dé ìlú onílùú. Ọkàn mi ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún bí kò ṣe ìwọ tí mo ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, kẹrìndínlógún oṣù yìí, Josephine máa dúró ní kóòtù, wọ́n á ní òun ló pa èèyàn. Tinúkẹ́ bẹ̀ mí pé kí n ro ti ọmọ wa. Mo ti rò ó. Màá sọ gbogbo rẹ̀. Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, mo ti sọ ọ́ tán, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe. Bí o kò bá kọ̀wé sí mi mọ́, mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé.

Bá mi kí Àdùfẹ́, bá mi kí Ràhámọ̀tù àbúrò yín. Mi ò lójú àtikí Màmá. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló pa ọmọ àwọn, jọ̀ọ́, má ṣe dárúkọ Josephine.

                                        Èmi ni, tìrẹ bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,
                                        Ọmọ́wálé Ògúnbọ̀dé.