Obìnrin Tó Ń Wa Katakata

Èmi nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ ohun tí bàbá ń sọ sí ìyàwó rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí kò mọ̀wé.

Ìyá àwọn ọmọ mi, ara mi le koko. Ẹsẹ̀ náà ò dùn mí rárá, àfi bíi pé kò sí níbẹ̀.

Háà, ojú mi rí nǹkan! Nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, obìnrin ń wa katakata, ilẹ̀ ń là lẹ́yìn rẹ̀ bí omi; ọkọ rẹ̀ pọn ọmọ, ó gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ wá. Kafińtà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Bàbá, ẹ panu dé, eṣinṣin ń bọ̀!"

Òjò ò ní dúró dè mí. Fún ọmọbìnrin wa ní kọ́kọ́rọ́ katakata tí mo fi ń dù ú. Kí i fún mi bí a ti ń kí àgbẹ̀: àroko-bọ́dún-dé o!

Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí. Ẹlẹ́rìí: kafińtà àti agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù.